Ìwé Bípíì Tí Mo Kọ ní Ìkàrẹ́

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìwé olójú-ewé ọgọ́rin ni, irú èyí tí mò ń tà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé gírámà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkàrẹ́. Mo fi rúlà àti bírò pupa pín ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí àyè márùn-ún: ọjọ́, aago, ẹni tí mo wọ̀n, nọ́ńbà, àti ìdí. Kò sí ìlà kan tó wọ́ nínú rẹ̀. Bí mo bá ṣe àṣìṣe, ń ṣe ni mo máa ń ya ewé náà kúrò, màá tún gbogbo rẹ̀ kọ láti òkè. Odidi ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ bípíì àwọn ará àdúgbò wa sínú ìwé yẹn, mo sì lè sọ ọ́ láìsí àbùmọ́ pé bí a bá ń wá ìwé òmùgọ̀ tó mọ́ tónítóní jù lọ ní gbogbo Àkókó, tèmi ni.

Bàbá mi ló fà á. Ó ṣubú sínú oko kòkó rẹ̀ ní Ugbe, kò sì dìde mọ́. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ fún wa ní gbangba pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ó ti pẹ́ lára rẹ̀, pé ká ní ó ń lo oògùn ni, bóyá ì bá ṣì wà láàyè. Ọ̀rọ̀ tó lè yé ọmọ ọdún mẹ́wàá nìyẹn. Kò yé àwọn ẹbí wa. Wọ́n ní ìrònú ló pa á. Ìrònú kí ni? Ìrònú ọmọ. Àwa ọmọ rẹ̀ márààrún jókòó sí pálọ̀, gbogbo àlejò tó bá wọlé á kí wa tán, á wá máa fi ojú wá èyí tó pa bàbá nínú wa.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn bípíì, èyí tó ní aṣọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá, tí nọ́ńbà sì máa ń yọ lójú rẹ̀. Mo ní ọkọ, tíṣà ni ní Àjọwá, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé. Mo ní ọmọ obìnrin kan ṣoṣo. Mi ò fẹ́ kí ọ̀kankan nínú wọn ṣubú níbi tí mi ò sí. Ìbẹ̀rù ni mo fi ra ẹ̀rọ yẹn. Mi ò mọ̀ pé ìbẹ̀rù náà ni màá máa fi pín fún àwọn ẹlòmíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn obìnrin àdúgbò á kó ara wọn wá sí fàráńdà mi, wọn á ká ọwọ́ bùbá wọn sókè. Màá wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, màá pe nọ́ńbà sókè, màá sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á rò pé ìlera ara wọn ni wọ́n wá wò. Rárá o. Ìdíje ni wọ́n wá ṣe.

“Ìyá Oníwèé, kí ló pè?” Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn nítorí ọjà tí mò ń tà.

“Wọ̀n-fọ́tì-síkìsì lórí náíńtì.”

“Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ibẹ̀ náà ló mọ?”

“Ohun tí ẹ̀rọ wí nìyẹn.”

“Ẹ tún un wọ̀n jàre. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí. Ta ló bí ọmọ mẹ́fà tó ń ní wọ̀n-fọ́tì-síkìsì?”

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn ni Ìyá Olókìrìkà, aládùúgbò mi tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní iwájú ilé tó kọjú sí tèmi. Mo tún un wọ̀n. Nígbà tí nọ́ńbà rẹ̀ kọ́kọ́ wọ 170, ó dìde dúró. Ó na ọwọ́ sókè bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn níwájú ìjọ. “Wọ̀n-sẹ́fẹ́ńtì o! Ẹ gbọ́ o! Wọ̀n-sẹ́fẹ́ńtì ni tèmi!” Àwọn yòókù sì ń kí i: “Ẹ kú ìrójú o, Ìyá. Ojú yín rí nǹkan.” Mo fi ojú mi rí i. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ̀ pa á ń gba oríire, àwa tó jókòó tì í ń kí i kú oríire, èmi sì ń fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ kò ju èyí lọ: ìrònú ni wọ́n fi ń mọ ìyá rere. Bí nọ́ńbà rẹ bá ga, a jẹ́ pé o fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ, ẹrù ilé wà lọ́rùn rẹ. Bó bá kéré, ó ní ohun tó ń ṣe ọ́. Ìyàwó kékeré kan wà tó máa ń ní 110 lórí 70 ní gbogbo ìgbà, obìnrin tó ń jí rìn lọ sí oko lójoojúmọ́. Nígbà tí mo pe tirẹ̀, Ìyá Olókìrìkà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Ta ló ń bá ọ tọ́jú àwọn ọmọ rẹ?” Gbogbo fàráńdà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó kékeré náà kò wá mọ́. Òun nìkan ló gbọ́n nínú wa.

Tèmi wá burú jù. Nọ́ńbà tèmi gan-an, bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, 112 lórí 72 ni. Ojú tì mí. Èmi tí mo ní ẹyọ ọmọ kan péré, èmi tí mo máa ń pe olùkọ́ rẹ̀ lórí fóònù bó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ dé, èmi ni ẹ̀rọ ń sọ fún pé ara mi le? Nítorí náà, kí àwọn obìnrin tó dé, mo máa ń gbé korobá omi méjì láti ibi ẹ̀rọ omi dé ẹ̀yìnkùlé, kíákíá, lẹ́ẹ̀mejì, màá wá jókòó, màá dì í mọ́ apá. Á pe 134. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ní àyè ìdí, mo kọ “ìrònú ọmọ”. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, “ìrònú ọmọ”, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára. Mo mọ ohun tí korobá omi méjì ń ṣe fún àyà ènìyàn. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo sì ń fi í rẹ́ ara mi jẹ.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ ń sọ òtítọ́ tí èmi kò kà. Bí obìnrin kan bá wọlé tó ń pariwo pé òun ti ń kú lọ, pé òun mọ̀ pé tòní á pa òun, á pe 160. Bí a bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, tó bá wá ń sọ bí ewúrẹ́ ṣe wọ yàrá pásítọ̀ tó jẹ kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, tí òun náà rẹ́rìn-ín títí, tí mo tún un wọ̀n, 138. Ó wà níbẹ̀: aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, 160, aago mẹ́ta ààbọ̀, 138. Obìnrin kan náà, ọjọ́ kan náà, ọmọ mẹ́rin kan náà. Mo kọ méjèèjì láìfi nǹkan kan sílẹ̀, mo sì pa ìwé dé.

Àwọn tí nọ́ńbà wọn bá ga jù máa ń kọjá sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta oògùn ní ìkángun àdúgbò. Kì í wọn nǹkan kan, kì í béèrè nǹkan kan. Á wo ojú rẹ, á mi orí, á ní, “Sìtírẹ́ẹ̀sì ni.” Ó máa ń fa ọ̀rọ̀ náà gùn, bí ẹni pé òun ló bí i. Orí fífọ́, sìtírẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀yìn dídùn, sìtírẹ́ẹ̀sì. Ọmọ tó kùnà ní màtimátíìkì, sìtírẹ́ẹ̀sì. Oògùn pupa kan náà ló ń tà fún gbogbo wọn, pẹ̀lú ìmọ̀ràn kan náà: “Ẹ lọ dùbúlẹ̀. Ẹ má ṣe ohunkóhun. Ẹ má ronú.” Ẹ jọ̀ọ́, ta ló dùbúlẹ̀ láìṣe nǹkan kan tí kò ronú?

Mo ń ṣe ẹ̀fẹ̀ wọn báyìí. Nígbà náà, mo gbà wọ́n gbọ́, ìgbàgbọ́ náà sì bọ́ sórí ọmọ mi.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni lọ́dún tó kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, Ọ̀kà sì ni wọ́n pín in sí. Ó ti kàwé. Mo ti fi ìwé àti bírò rẹ̀ sínú ọ̀rá. Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó jáde láti ilé ìwẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé àyà.

“Mọ́mì, àyà mi ń lù.”

“Báwo ló ṣe ń lù?”

“Kì-kì-kì. Ọwọ́ mi náà ń gbọ̀n díẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀, bóyá nítorí ìdánwò ni.”

Bí mo bá ní ọgbọ́n ni, ǹ bá fún un ní ẹ̀kọ àti àkàrà, kí a wá ọkọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo lọ gbé ẹ̀rọ. Mo dì í mọ́ apá rẹ̀. 148 lórí 92, ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà mọ́kànlélọ́gọ́fà ní ìṣẹ́jú kan. Mo sì pe nọ́ńbà náà sókè bí mo ṣe máa ń pè é lọ́jọ́ Ìsinmi, mo fi “Yéè!” sí i.

Kò pẹ́ tí Ìyá Olókìrìkà fi sọdá títì tòun ti ìró tó ró mọ́ àyà. Àwọn méjì mìíràn tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tí wọ́n bá ní ìrònú mú ni wọ́n ṣe fún un. Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì lọ gbé e pamọ́ kó má baà rí ohun wọ̀ jáde. Wọ́n da omi tútù sí i lórí. Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún un, wọ́n ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i.

“Mo fẹ́ lọ ṣe ìdánwò mi,” ni ọmọ mi wí.

“Ìdánwò wo? Ẹni tó wà láàyè ló ń ṣe ìdánwò. Dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́.”

“Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí,” ni ẹnì kejì wí. “Àyà rẹ̀ ń lù láàárọ̀. A ti sin ín kí ọ̀sẹ̀ tó parí.”

Bí wọ́n ṣe jókòó yí i ká nìyẹn, tí oníkálukú ń ka òkú tirẹ̀. Mo tún un wọ̀n. 156. Ó dájú! Èmi tí nǹkan kan kò ṣe, 156 ni ì bá jẹ́ tèmi náà bí wọ́n bá ka òkú mẹ́rin sí mi létí lórí ẹní.

Nígbà tó di aago kan ọ̀sán, tí ìdánwò ti parí ní Ọ̀kà, nọ́ńbà rẹ̀ padà sí 109 lórí 70. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní Ọlọ́run ti yọ ọ́. Ìyá Olókìrìkà lọ mú bàtà wá láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ọmọ mi gbà á, ó gbé e sórí itan, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ìdánwò mi ńkọ́?” ló béèrè. Ní àyè ìdí, mo kọ “sìtírẹ́ẹ̀sì ìdánwò”, mo sì fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ọdún kan gbáko ni a ní láti dúró kó tó tún un ṣe. Ọdún yẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ọmọ tí kì í béèrè ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí kì í lè ṣe nǹkan kan láìdì í mọ́ apá. Wọ́n ní kó ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wọn ara rẹ̀ ní yàrá, ó pe 138, ó ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Wọ́n pè é sí ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan kó wá kọ́ àwọn ọmọdé fún ìgbà díẹ̀. Ó dé ẹnu géètì, ó padà wálé láti wá wọn ara rẹ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń ní lára, kí ọkàn ó sáré bí nǹkan tuntun bá ń bọ̀, ó di ìpè ikú létí rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò sì ti fún un ní orúkọ. “Ọkàn ọmọ yẹn kò lágbára,” ni wọ́n ń wí, níṣojú rẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ògiri tó ya. Kò sẹ́ni tó rántí pé àwa la dá a dùbúlẹ̀.

Ó ku oṣù méjì kí ìdánwò kejì dé nígbà tí ìyá ọkọ mi wá sí Ìkàrẹ́ láti Ọ̀kà. Oògùn rẹ̀ ló wá gbà. Òun gan-an ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tòótọ́tòótọ́. Nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́, kì í ṣe fàráńdà. Ó ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná, kì í sì í fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Ó wọlé, ó bá ọmọ ọmọ rẹ̀ lórí àga ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tòun ti aṣọ ẹ̀rọ lápá.

“Kí lẹ so mọ́ ọn lápá?”

Mo kúnlẹ̀ kí i. “Bípíì rẹ̀ la fẹ́ wò, Ìyá. Ó fẹ́ lọ sọ́jà.”

“Ó fẹ́ lọ sọ́jà.” Ó tún un wí bí ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ tó ti kan wò. “Ìgbà mélòó lo ń wọ̀n ọ́n lójúmọ́?”

“Mẹ́ta. Nígbà míì, márùn-ún.”

“O ń gún ọmọ wò bí iṣu tó wà lórí iná. Ìyàwó, ó ti jinná. Gbé e kalẹ̀.”

“Ìyá, ẹ kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Sìtírẹ́ẹ̀sì—”

“Mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà ọmọ mi.” Ó kọjú sí ọmọ náà. “Lọ di ẹrù rẹ. Ọ̀dọ̀ mi lo ti máa kàwé. Ọ̀kà náà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò yín, ẹsẹ̀ lo máa fi rìn lọ.”

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù, mo rò pé yóò gbè mí lẹ́yìn. Ó ní kí n jẹ́ kó lọ. Mo fẹ́ fi ẹ̀rọ sínú ẹrù rẹ̀, ìyá ọkọ mi yọ ọ́ síta, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. “Dì í mọ́ ara rẹ.”

Inú bí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bú obìnrin yẹn nínú ọkàn mi lọ́nà tí mi ò lè kọ síbí. Àgbàlagbà tó ń yan gààrí lórí òkè, kí ló mọ̀ nípa ọkàn ọmọ ènìyàn? Nígbà tí mo bá pè wọ́n, ọmọ mi á ní, “Mo sọ fún Màmá pé àyà mi ń lù nígbà tí mo fẹ́ gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́.”

“Kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n ní ara mi ti gbọ́ pé iṣẹ́ wà. Wọ́n ní kí n gbé e.”

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ nílé wọn nìyẹn. Ìyàwó tó fẹ́ lọ ilé ọkọ tó ń gbọ̀n, ara rẹ̀ ti gbọ́. Ẹni tó fẹ́ dúró sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ìjòyè, tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, ara rẹ̀ ti gbọ́. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin fàráńdà, a jọ rẹ́rìn-ín. Àwa, tí ọ̀rọ̀ tiwa ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀ lórí ẹní.

Ní Sátidé kẹta, mo fi ẹ̀rọ àti ìwé sínú báàgì, mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀kà. Ọlọ́kadà gbé mi dé ibi tí ọ̀nà mọ́tò parí sí. Láti ibẹ̀ dé ilé ìyá ọkọ mi, àpáta ni, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gùn ún. Mo gùn ún kíákíá nítorí mo ń bínú. Nígbà tí mo dé òkè, mi ò lè kí ènìyàn. Mo jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà, mò ń mí gúlegúle. Ọmọ mi jáde pẹ̀lú abọ́ gààrí lórí. Ó ti dúdú sí i, ọrùn rẹ̀ sì nà.

“Wá kí n wọ̀n ọ́,” ni mo wí.

“Ta ló ń mí bí ewúrẹ́ olóyún nínú ẹ̀yin méjèèjì?” Ìyá ọkọ mi ń sọ̀rọ̀ láti ìdí ààrò. “Ìyàwó, wọn ara rẹ ná.”

Mo dì í mọ́ apá ara mi láti fi pa á lẹ́nu mọ́. 151 lórí 94. Ọkàn mi ń lù ní ìgbà mẹ́rìndínláàádóje. Ọmọ mi sọ abọ́ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo ojú ẹ̀rọ náà.

“Mọ́mì, ó ju tèmi àkọ́kọ́ lọ́jọ́ ìdánwò lọ.”

“Òkè ni mo gùn.”

“Èmi náà rí i. Màmá, ẹ wá o! Ẹ bá mi bọ́ bàtà Mọ́mì. Ẹ bu omi wá, ká dà á sí wọn lórí. Mọ́mì kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè yìí mọ́.”

“Níbo la fẹ́ gbé bàtà náà pamọ́ sí?” ni ìyá ọkọ mi béèrè. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Ẹní kan ṣoṣo ni mo ní o. Ẹni tó bá fẹ́ kú, kó gbé ẹní tirẹ̀ wá.”

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo yọ ìwé jáde nítorí pé mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe. Mo kọ ọjọ́. Mo kọ aago: mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo kọ “èmi”. Mo kọ 151/94. Ọwọ́ mi dé àyè ìdí, ọwọ́ náà ti ń lọ fúnra rẹ̀, ó ti kọ “ìrò”. Ọmọ mi dúró sí ẹ̀yìn èjìká mi.

“Ẹ kọ òkè, Mọ́mì,” ló wí. “Ẹ má kọ èmi.”

Kò pariwo. Ohùn tí ènìyàn fi ń sọ pé kí wọ́n bá òun mú iyọ̀ wá ló fi sọ ọ́. Nígbà náà ló yé mi pé ó ti ka ìwé náà, pé ó ti ń kà á láti ọjọ́ pípẹ́. Orí àtẹ kan náà ni mo ń gbé e sí pẹ̀lú àwọn ìwé rẹ̀. Fún ọdún mẹ́ta, ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ó ń rí i tí ìyá rẹ̀ ń fi bírò kọ ọ́ pé òun ló ń pa á. Àwọn àlejò tó wá síbi òkú bàbá mi ń fi ojú wá ẹni tó pa á. Èmi kò tilẹ̀ fẹ́ kí àwọn àlejò tó máa wá síbi òkú tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni náà. Mo ti kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ dè wọ́n, tónítóní, pẹ̀lú aago. Gbogbo rẹ̀ nítorí korobá omi méjì.

Mo ya ewé náà. Mo tún un kọ láti òkè. Mo kọ “òkè”.

Lẹ́yìn náà, mo ṣí ìwé padà sí ọjọ́ ìdánwò, mo gbé e lé orókún, mo ń wo méjèèjì. Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n, a lè sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà lápá tèmi, mi ò rò pé yóò pa mí, mo jókòó, mo mu omi, ó lọ sílẹ̀. Èyí tó wà lápá tirẹ̀, a sọ fún un pé ikú ni, ó sì ń gòkè sí i lórí ẹní. Ara tó ń múra iṣẹ́ ni méjèèjì. Òun nìkan la bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi gbé ẹ̀bà wá, ó ní kí n jẹun. Ì bá rọrùn fún mi bó bá bú mi.

Ọjọ́ ìdánwò kejì, mo kúrò ní Ìkàrẹ́ ní kùtù, mo sì dé ẹnu géètì ibi ìdánwò ní Ọ̀kà ní aago mẹ́fà kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọ mi ti wà níbẹ̀. Òun nìkan ló dá wá; ìyá ọkọ mi ní òun kọ́ ló fẹ́ ṣe ìdánwò. Ẹ̀rọ náà wà nínú báàgì mi. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n gbé e wá, mo sì gbé e wá.

“Mọ́mì, ó ti bẹ̀rẹ̀.”

“Kí ló bẹ̀rẹ̀?”

“Àyà mi.”

Ọwọ́ mi ti wọ inú báàgì kí n tó mọ̀. Ó wo ọwọ́ náà. Mi ò tíì rí i kó wo ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí, bí ìyá ọkọ mi ṣe máa ń wò mí gan-an.

“Ẹ fi í síbẹ̀. Ara mi ti gbọ́ ni.”

Ó wọlé. Ó fi ẹsẹ̀ kọ ní ẹnu géètì, mo fẹ́ pariwo, ó gbá ara rẹ̀ mú, ó ń lọ. Kò wẹ̀yìn. Mo dúró lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú àwọn òbí yòókù, àyà tèmi wá ń lù bí ẹni pé èmi ni wọ́n fẹ́ bi ní ìbéèrè. Mo jẹ́ kó máa lù. Mi ò wọ̀n ọ́n.

Kò pẹ́, fóònù mi dún. Ìyá Olókìrìkà ni.

“Ìyá Oníwèé, ṣé wọ́n ti gbé e jáde?”

“Ta ni?”

“Ọmọ yín ni o! Àwa ti wà lórí àdúrà níbí. Mo ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè é.”

“Ẹ ká ẹní yín,” ni mo wí, mo sì pa fóònù.

Nígbà tó jáde, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Ó ní àyà òun lù títí òun fi dé ìbéèrè kẹsàn-án, pé lẹ́yìn ìyẹn òun kò gbọ́ ọ mọ́, òun kò sì mọ̀ bóyá ó dákẹ́ tàbí ó ń lù lọ. Ó béèrè búrẹ́dì. Nígbà tí èsì jáde, kì í ṣe máàkì tí wọ́n ń fi pariwo káàkiri, ṣùgbọ́n ó tó láti wọlé, ó sì wọlé.

Mo ṣì ń wọ̀n wọ́n ní fàráńdà, ṣùgbọ́n mi ò pe nọ́ńbà sókè mọ́, mi ò sì kọ ìdí. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga, màá kọ ọ́ sí bébà kékeré, màá ní kó mú un lọ sí ibùdó ìlera, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ohun eré, mo sì mọ ẹni tó pa ní Ugbe. Ọ̀pọ̀ kò wá mọ́. Ìyá Olókìrìkà, tí 170 rẹ̀ ti di 176, gba bébà náà bí ẹni tí mo bú. Ó lọ ṣá. Ó padà wá ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú oògùn nínú ọ̀rá, inú ń bí i.

“Irú nọ́ọ̀sì wo nìyẹn? Kò pe nọ́ńbà sókè! Ó kàn kọ ọ́ sí káàdì, ó ní kí n máa lo èyí láràárọ̀, kí n dín iyọ̀ kù. Ìyá Oníwèé, kò tilẹ̀ béèrè iye ọmọ tí mo bí.”